Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Lẹ́yìn Ìdánrawò

Lónìí ni mo kọ orúkọ àwọn mẹ́tàdínlógún tí yóò ṣeré rọ́gbì líìgì lọ́jọ́ Sátidé sára pátákó, tí orúkọ tèmi kò sì sí níbẹ̀. Mẹ́tàlá ló máa bẹ̀rẹ̀ eré, mẹ́rin á jókòó dè wọ́n. Níwájú nọ́ńbà 9, níbi tí wọ́n ti máa ń kọ orúkọ mi, mo kọ orúkọ ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ogún ọdún síbẹ̀. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìbànújẹ́, àmọ́ ẹ̀rù ló dé dípò rẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí ara mi. Mo mọ irú èjìká tí yóò máa kọlù ú kí ìṣẹ́jú 80 tó pé, torí àyà tèmi ni wọ́n ti ń kọlù tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, èmi ni mo ń rán ọmọ ọlọ́mọ lọ síbẹ̀.

Bí mo ṣe kúrò lórí pápá kò gba àlàyé púpọ̀. Ó ti di pé tí a bá ṣeré lónìí, mi ò ní lè gbé apá ọ̀tún sókè lọ́la. Dókítà wò ó, ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ẹgbẹ́ wa ní kí n má lọ, kí n máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́, mo sì gbà lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Nínú rọ́gbì líìgì, èjìká àti orúnkún ló máa ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò, kì í ṣe ọjọ́ orí. Sam Burgess, eléré líìgì láti England, ni mo máa ń rántí. Ní àṣekágbá líìgì Ọsirélíà ní 2014, eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣẹ́ níbi ìkọlù tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ eré, síbẹ̀ ó ṣe é dé òpin. South Sydney na Canterbury ní 30 sí 6, wọ́n gba ife tí wọn kò rí gbà láti 1971, òun ni wọ́n sì fún ní àmì ẹ̀yẹ Clive Churchill tó jẹ́ ti ẹni tó tayọ jù lọ́jọ́ náà. Nígbà tó di 2019, èjìká ti dá a dúró. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn rẹ̀ ni ibi tó ti lọ kọ́ṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá: Orara Valley, ẹgbẹ́ ìgbèríko kan ní New South Wales. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó padà sí South Sydney láti ran akọ́nimọ̀ọ́gbá ibẹ̀ lọ́wọ́, ní 2024 ló sì di olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá Warrington, ẹgbẹ́ líìgì kan ní England. Gbogbo ayé líìgì mọ orúkọ rẹ̀, síbẹ̀ ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo gbà pé ọ̀nà tó tọ́ nìyẹn. Ohun tí ara mọ̀ kò tíì di ohun tí ẹnu lè sọ, ó sì yẹ kéèyàn rí ibi tí yóò ti fi sùúrù kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Èyí gan-an ló gba ọkàn mi láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Nínú eré wa, bí wọ́n bá ti gbá ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, ó máa dìde, á fẹsẹ̀ yí bọ́ọ̀lù sẹ́yìn, nọ́ńbà 9 á sì gbé e nílẹ̀. Ìgbà mẹ́fà ni wọ́n lè gbá ẹgbẹ́ kan mọ́lẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ wọn. Àwọn tó ń dènà gbọ́dọ̀ sá padà sẹ́yìn ní mítà 10, àfi marker méjì tó máa ń dúró síwájú ẹni tó ń dìde. Kí àwọn yòókù tó padà tán, nọ́ńbà 9 ti gbọ́dọ̀ pinnu: ṣé kó jù ú sọ́tùn-ún, ṣé kó jù ú sósì, ṣé kó gbá a, àbí kó gbé e sáré fúnra rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ọjọ́ kan ni ọmọ yẹn bi mí pé, “Kóòṣì, báwo lẹ ṣe máa ń mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn sáré?” Ẹnu mi wúwo. Ẹsẹ̀ mi mọ ìdáhùn, ó ti mọ̀ ọ́n láti ọdún pípẹ́, kò kàn sọ ọ́ fún mi rí.

Mo padà sílé, mo gbé fídíò àwọn eré mi àtijọ́ jáde. Mi ò wo bọ́ọ̀lù rárá, ojú mi ni mò ń wò. Ibi tí mo bá ti gbé bọ́ọ̀lù sáré, mo dá fídíò dúró, mo wo ibi tí orí mi kọjú sí ṣáájú. Ó wá hàn gbangba. Orúnkún marker ni mo máa ń wò. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, tàbí tó ṣì fi ọwọ́ ti ilẹ̀ kó tó dìde, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń gbà. Bí àwọn méjèèjì bá ti dúró ṣánṣán, mo máa ń jù ú. Mo sọ fún ọmọ náà pé kó má wo bọ́ọ̀lù mọ́, pé ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ibi tí bọ́ọ̀lù wà, kó wo orúnkún. Nígbà tó ṣe é lórí pápá, tó já gba ẹ̀gbẹ́ marker kọjá, inú mi dùn ju ìgbà tí èmi fúnra mi ń já a lọ. Mi ò rò pé irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ wà.

Mo rò pé ohun tó gbé Shaun Edwards dé ibi tó dé náà nìyí. Ó gba àmì ẹ̀yẹ bí ẹni ń kó o nílẹ̀ nígbà tó ń gbá líìgì fún Wigan ní England, ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gba Challenge Cup, ife ńlá líìgì ilẹ̀ Britain, léraléra láti 1988 títí di 1995. Nígbà tó ṣíwọ́ eré, ìdènà ni ó lọ ń kọ́ àwọn eléré rọ́gbì yúníọ̀nù, ìyẹn rọ́gbì oníènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wales gba Grand Slam, ìyẹn kí orílẹ̀-èdè kan borí nínú gbogbo eré rẹ̀ nínú ìdíje Six Nations, ní 2008, 2012 àti 2019 lásìkò tí ìdènà wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, Faransé náà gba tiwọn ní 2022. Andy Farrell, ọmọ Wigan bíi tirẹ̀, mú Ireland gba a ní 2023. Àwọn méjèèjì ti rí ọ̀rọ̀ fún ohun tí ara wọn mọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì yé àwọn tí kò gbá líìgì rí.

Àmọ́ tí wọ́n bá ní kí n dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo tí mo fẹ́ jọ, Roy Francis ni. Ó máa ń dùn mí pé àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ kì í mọ̀ ọ́n títí n óò fi sọ fún wọn. Aláwọ̀ dúdú ni, ọmọ Wales. Wọ́n bí i ní 1919, ìlú Brynmawr ló dàgbà sí, ẹ̀gbẹ́ pápá ló sì ti máa ń gbá líìgì. Ó gbá fún Wigan, Barrow àti Warrington kó tó dé Hull. Nígbà tí Great Britain ń lọ sí Ọsirélíà ní 1946, wọ́n fi í sílẹ̀. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n gbá: Ọsirélíà ìgbà yẹn kò fẹ́ rí aláwọ̀ dúdú, àwọn tó yan ikọ̀ sì gbà fún wọn. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n pè é láti bá New Zealand ṣeré, ó sì gba tráì méjì wọlé, ìyẹn kí eléré gbé bọ́ọ̀lù kan ilẹ̀ lẹ́yìn ìlà àwọn alátakò.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni Hull sọ ọ́ di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà náà. Kò tíì sí aláwọ̀ dúdú kankan tó wà nípò bẹ́ẹ̀ nínú eré ìdárayá àwọn tó ń gbowó ní ilẹ̀ Britain. Hull di aṣíwájú ní 1956, wọ́n tún ṣe é ní 1958. Kì í ṣe ife nìkan ló mú mi fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá ṣì ń rò pé kí àwọn eléré kàn máa sáré yí pápá ká ti tó, ó ti ń fi fíìmù eré han àwọn tirẹ̀, ó ń kọ́ wọn ní eré sísá bí àwọn sárésáré ṣe ń kọ́ ọ, ó sì ń jókòó ti ẹnì kọ̀ọ̀kan láti mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó fa àwọn ìyàwó àti ẹbí wọn mọ́ra, kí ilé má bàa jẹ́ ohun tí yóò máa fa ọkàn ọkùnrin sẹ́yìn nígbà tó bá wà lórí pápá. Ẹni tí wọ́n ti fi sílẹ̀ nítorí àwọ̀ ara rẹ̀, òun ló wá mọ bí wọ́n ṣe ń gba ènìyàn mọ́ra tọwọ́tẹsẹ̀. Mi ò lè ka ìtàn yẹn kí ojú mi má ṣomi.

Òun ló wà ní Hull ní 1961 nígbà tí Clive Sullivan dé, ọ̀dọ́mọkùnrin láti Cardiff. Ní 1972, Sullivan jẹ́ balógun Great Britain nígbà tí wọ́n gba Ife Àgbáyé, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ́ balógun ikọ̀ orílẹ̀-èdè Britain nínú eré ìdárayá èyíkéyìí. Orúkọ Sullivan ló wà lára títì ńlá tó wọ Hull lónìí. Ti Francis pẹ́ kó tó jáde, ní 2023 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ ní Brynmawr.

Àwọn kan á sọ pé ẹni tí kò bá gbá a dójú àmì kò lè kọ́ni. Èmi ò gbà. Ní 2024, gbogbo ife tó wà níwájú Wigan ni wọ́n gbà, Matt Peet tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn kò sì gbá líìgì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rí. Ohun tí gbígbá rẹ̀ fún mi ni pé mo mọ bó ṣe máa ń rí lára nígbà tí èémí bá tán ní ìṣẹ́jú 70 tí ohùn kan sì ń pariwo láti ìta pé kéèyàn yára. Ìyẹn wúlò. Kò rọ́pò iṣẹ́ ìmúrasílẹ̀.

Ohun tó le jù lọ́sẹ̀ yìí kò sí lórí pápá. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí a jọ wọ ikọ̀ àgbà, ọ̀kan nínú àwọn géńdé tó máa ń gbé bọ́ọ̀lù já àárín. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa. Tí wọ́n bá gbá ẹnì kan mọ́lẹ̀, kì í lè padà dé mítà 10 náà lásìkò mọ́, ibi tó bá wà sì ni àwọn alátakò ń gbà. Mo yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Mi ò fẹ́ kó bá a lára pátákó, nítorí náà mo lọ bá a níbi tó ti ń di bàtà rẹ̀.

Ó ní, “Ṣé ẹsẹ̀ mi ni?”

Mo ní, “Òun ni.”

Ó ní ó ti ń ṣe òun bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, òun kàn ń dúró kí ẹnì kan sọ ọ́ ni. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó lọ ṣe ìdánrawò pẹ̀lú àwọn yòókù, kò fà sẹ́yìn. Mo wò ó títí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló dá ọmọ nọ́ńbà 9 yẹn dúró, tó fi bí wọ́n ṣe ń di ènìyàn mú hàn án láìfi orí ara rẹ̀ wewu. Kò sẹ́ni tó rán an.

Ọjọ́ Sátidé, òkè ni n óò jókòó sí. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń rí ohun tí mi ò rí rí nígbà tí mo wà nísàlẹ̀: bí àlàfo ṣe ń ṣí láàárín olùdènà kejì àti ẹ̀kẹta ní ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ó bá ti rẹ̀ wọ́n. Mo máa ń sọ ọ́ sínú rédíò, ẹni tó ń gbé omi á gbé e wọlé, kó sì tó dé etí ẹni tó nílò rẹ̀, wọ́n lè ti gbá wọn mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àlàfo ti dí. Ọwọ́ mi kò tó ibẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún Francis níbi àṣekágbá Challenge Cup ní Wembley ní 1968. Leeds tó ń kọ́ ló ń lọ ní 11 sí 7, òjò ti sọ pápá di ẹrẹ̀, Wakefield gba tráì ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, ó di 11 sí 10. Ó ku kí Don Fox ti Wakefield gbá bọ́ọ̀lù sáàárín òpó fún àmì méjì tó máa ń tẹ̀lé tráì, iwájú òpó gan-an ló sì wà. Bó bá wọlé, Wakefield ló nífe. Ó tàsé. Gbogbo ohun tí Francis ti kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ títí di ọjọ́ yẹn ti parí kí Fox tó gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, ó kàn lè máa wò ni.

Ìdánrawò ọ̀la kò ní pẹ́. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọlu ẹnikẹ́ni, a kàn máa rìn ín já: orúnkún marker, ìpadàsẹ́yìn, àti ìgbá tó kẹ́yìn. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún nínú ẹgbẹ́ wa kò tíì ní ẹni tó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dènà, mo sì ti bá alága sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni mo fẹ́ kó gba iṣẹ́ náà, kó máa fi í kún eré tirẹ̀ títí tí ẹsẹ̀ yóò fi sọ pé ó tó. N óò bi í lọ́la kí a tó wọ pápá.