Kí Ọmọ Ẹja Òkun Tó La Ẹnu

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń pa ẹyin àrọ̀ di ọmọ ẹja tà ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Òde máa ń bi mí pé kí ló dé tí a kò fi ọgbọ́n ọwọ́ wa yìí pa ẹyin ẹja òkun, irú bí apò àti kútà tí ó wọ́n lọ́jà, nígbà tí Ìjẹ̀bú ní etí òkun tirẹ̀ ní apá Abigi. Ìdáhùn mi ni pé ọgbọ́n ẹja àrọ̀ kò lè gbé wa kọjá ìdí ẹyin. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni yóò dá wa dúró, ní ọjọ́ tí ọmọ ẹja náà bá kọ́kọ́ la ẹnu.

Ẹ wo àrọ̀ ná. Bí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ dáadáa, ẹyin rẹ̀ yóò pa láàárín ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan ààbọ̀, ọmọ náà yóò sì máa jẹ pupa ẹyin tí ó gbé wá sáyé fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta. Bí ìyẹn bá ti tán, a ó da Artemia sí i, ìyẹn ẹ̀dá omi tín-ín-tín tí ẹyin rẹ̀ ń wá nínú agolo, tí a ti pa ẹyin náà nínú omi iyọ̀ láti àná, kò sì ní pẹ́ tí ikùn wọn yóò fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Mo fẹ́ràn láti máa wo ikùn wọ̀nyẹn, nítorí ìgbà yẹn ni ọkàn mi máa ń balẹ̀ pé wọ́n ti jẹun.

Ti ẹja òkun kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹyin sea bream, ẹja òkun kan tí wọ́n ń sìn ní Gíríìsì àti Tọ́kì, kò ju bíi mìlímítà kan lọ, ọmọ tí ó sì ń jáde nínú rẹ̀ kò ju bíi mìlímítà 3 lọ: ara rẹ̀ mọ́ gaara bíi gíláàsì, ojú rẹ̀ kò tí ì dúdú, kò sì tí ì ní ẹnu tí yóò fi jẹun. Ní bí ọjọ́ kẹta sí ìkẹrin, ẹnu yóò là, ṣùgbọ́n ó kéré débi pé Artemia tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tí ó gùn tó bí ìlàjì mìlímítà, kò lè gba ibẹ̀ wọlé. Ikùn rẹ̀ kò sì tí ì lágbára láti da oúnjẹ gbígbẹ tí a ń rà nínú àpò.

Àwọn ará Japan ni wọ́n la ọ̀nà ní àwọn ọdún 1960, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi rotifer bọ́ ọmọ ẹja òkun. Ẹ̀dá inú omi tín-ín-tín ni rotifer, ó ń rìn jẹ́jẹ́ nínú omi, ó sì ń bí sí i kíákíá. Ṣùgbọ́n òun náà gbọ́dọ̀ jẹun, ewéko omi tí ojú lásán kò lè rí ni ó sì sábà máa ń jẹ, èyí tí àwa fúnra wa ni yóò gbìn ín. Oko mẹ́ta ni ẹni tí ó bá dá a láṣà ń dá pọ̀: ti ewéko omi, ti rotifer, àti ti ẹja. Bí iná bá lọ lóru tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ dúró, tí rotifer kú, ebi ni ọmọ ẹja yóò bá jí.

Ohun kan tún wà tí àwa aláàrọ̀ kì í ronú kàn. Rotifer àti Artemia kò ní ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní DHA tó, bẹ́ẹ̀ ojú àti ọpọlọ ẹja nílò rẹ̀. Àrọ̀ lè fi ọ̀rá mìíràn ṣe é nínú ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹja òkun kò lè ṣe é. Nítorí náà wọ́n máa ń fi òróró ẹja bọ́ rotifer àti Artemia náà fún wákàtí mélòó kan kí wọ́n tó dé ẹnu ọmọ ẹja. Òróró yìí kan náà sì máa ń léfòó bo ojú omi, níbi tí ọmọ ẹja ti gbọ́dọ̀ wá gbé afẹ́fẹ́ mì kí àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè kún. Èyí tí kò bá rí i gbé mì lè yè, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ sábà máa ń wọ́, oníbàárà kò sì ní rà á. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbá ọ̀rá náà kúrò lójú omi lójoojúmọ́.

Ti omi náà ń bẹ. Ẹni tí ó bá wà ní Iwopin lè rò pé òun ti dé òkun, ṣùgbọ́n omi ọ̀sà Lẹ́kkí kò níyọ̀ tó, nígbà tí lítà kan omi òkun ní iyọ̀ tó bíi gíráàmù 35.

Mo fẹ́ kí a ṣe iṣẹ́ yìí ní Ìjẹ̀bú. Ẹni tí ó bá ní in lọ́kàn, kí ó má tí ì wá ìyá ẹja rárá. Kí ó kọ́kọ́ sin rotifer títí yóò fi lè máa kórè rẹ̀ lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́ta gbáko láìjẹ́ pé ó kú mọ́ ọn lọ́wọ́, kí ó sì ní jẹnẹrétọ̀ méjì nílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó pè mí, kí a jọ wá ìyá ẹja.