Àyẹ̀wò ọdún: rásíbẹ́rì tí mo fi ọwọ́ ara mi gé

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí àṣìṣe, kí ojú tì mí tán lẹ́ẹ̀kan. Ní oṣù kejì ọdún yìí, mo mú sísọ́ọ̀sì ọgbà, mo gé gbogbo rásíbẹ́rì, igi eléso pupa kéékèèké, tó wà lẹ́yìnkùlé mi ní Dundee ní Scotland mọ́lẹ̀ bí ẹni ń pa oko. Mo ti gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Òótọ́ ni o, àmọ́ irú Autumn Bliss ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún, nítorí orí ọ̀pá tó bá hù lọ́dún náà ló ń so sí. Glen Ample, irú kejì tí mo ní, tí wọ́n mú jáde ní Invergowrie tó wà nítòsí wa níbí, ọ̀pá èṣí ló ń so lé. Èmi sì ti da ọ̀pá èṣí sínú ike ìdọ̀tí.

Oṣù keje dé, ewé ṣú dùdù, èso kò sí. Mọ́mì pè mí lórí WhatsApp, mo gbé fóònù sí ìdí rásíbẹ́rì náà. Wọ́n wò ó títí. "Ṣé kì í ṣe bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni? Èyí tó ti so là ń gé, ọmọ rẹ̀ là ń dá sí." Ẹni tí kò fojú kan rásíbẹ́rì rí!

Àǹfààní kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé ìdin tó máa ń wọnú èso ìgbà ooru kò rí nǹkan jẹ lọ́dọ̀ mi.

Autumn Bliss ló bò mí láṣìírí. Láti ìparí oṣù kẹjọ títí di oṣù kẹwàá, a ń ká abọ́ kan lọ́jọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Èyí tó bá pọ́n kì í fẹ́ agbára. O fọwọ́ kàn án báyìí, ó yọ, ó fi kókó funfun sílẹ̀ lẹ́nu igi, inú rẹ̀ á sì ṣófo. Ọmọ mi fi márùn-ún dé ìka márùn-ún ní fìlà, ó ń jẹ wọ́n láti orí àtàǹpàkò.

Ọmọ rásíbẹ́rì hù gba abẹ́ ọgbà kọjá sọ́dọ̀ bàbá aládùúgbò wa. Mo lọ tọrọ àforíjì, ẹ̀rín ni wọ́n rín. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, bọ́ọ̀sì ló ń kó wọn lọ sí Blairgowrie nígbà ìsinmi láti lọ ká a gbowó. Wọ́n ní kí n má hú u.

Glen Ample ti yọ ọ̀pá tuntun 7. Mo ti so òwú pupa mọ́ ìkọ̀ọ̀kan wọn, nítorí èmi tí n óò tún mú sísọ́ọ̀sì jáde ní oṣù kejì.