Orúkọ Obìnrin Amọ̀kòkò

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì

Obìnrin kan wà nínú ìtàn tí mò ń kọ tí mo ti mọ̀ látòkè délẹ̀, àfi orúkọ rẹ̀. Mo mọ̀ pé Òkèlélé ni ilé ọkọ rẹ̀ wà, pé Dàda ló ti ń mọ ìkòkò, pé wàrà tó bá ti kan díẹ̀ kò lè dé ẹnu rẹ̀, àti pé ó máa ń bá amọ̀ wí bí ẹni ń bá ọmọ alágídí wí. Ọdún 1967 ni mo bí i sí, ọdún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀. Alfa ni baba rẹ̀, ọmọ Ìlọrin. Ọ̀fà ni ìyá rẹ̀ ti wá. Síbẹ̀, láti orí kìíní dé orí kẹta, “obìnrin náà” ni mò ń pè é ṣáá, bí ẹni ń jẹ́rìí ní kóòtù.

Ohun tó dá mi dúró ni pé orúkọ Yorùbá kì í panu mọ́. Ẹ pe ẹnìkan ní Ìdòwú, ẹ ti fi ìbejì ṣáájú rẹ̀ nínú ilé nìyẹn, òǹkàwé á sì máa bi yín pé àwọn ìbejì náà ńkọ́. Ẹ pè é ní Ìgè, a ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ. Àbíọ́nà, ìyá rẹ̀ kò délé kó tó rọbí. Àyándélé, ìlù ni wọ́n ń lù nílé wọn. Ọ̀jẹ́wálé, eégún ló ń jáde nílé wọn, bí mo bá sì fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí àárín ìgboro Ìlọrin níbí, òǹkàwé tó mọ oríkì ìlú yìí, ìlú tí kò léegún, tó jẹ́ pé ẹṣin leégún ilé baba wọn, á ti máa wo ọ̀nà Ọ̀fà àti Òmù-Àrán lójú pé ibo lọkùnrin yìí ti wá. Orúkọ kan ṣoṣo, ìtàn ti lọ síbi tí n kò rán an.

Àwọn akọ̀tàn kan rò pé ọ̀nà àbáyọ ni kí orúkọ kúkú sọ ìwà ẹni náà: kí òǹrorò máa jẹ́ orúkọ òǹrorò, kí onínúure máa jẹ́ orúkọ tó ń dán. Nínú àlọ́, mo gbà. Ṣùgbọ́n tí ọmọ bá pé ọjọ́ mẹ́jọ, tí àwọn alfa ti jókòó, tí wọ́n ti so àgbò mọ́ ẹ̀yìnkùlé, òbí wo ni yóò ní kí wọ́n pe ọmọ òun ní ìkà? Olówó-èlé inú ìtàn mi, ẹni tó fẹ́ gba ibi tí àwọn obìnrin ti ń wa amọ̀, Jímọ̀h ló ń jẹ́. Ọjọ́ Jímọ̀h ni wọ́n bí i, inú wọn dùn, ó parí. Ìwà tó wá hù lẹ́yìn ìyẹn, kò kan ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ.

(Orúkọ ilé Jímọ̀h ni mo ṣọ́ra fún jù. Ní Ìlọrin, ẹ dárúkọ ilé kan, ẹ ti dárúkọ àìmọye ènìyàn, àti òkú àti alààyè. Mo fi í sílẹ̀ láìní ilé. N kò fẹ́ jí lọ́jọ́ kan kí n bá àwọn àgbààgbà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi.)

Lọ́sàn-án òní mo ya Dàda. Ìyá àgbàlagbà kan ń tẹ́ amọ̀ lé ẹ̀yìn ìkòkò àtijọ́ kan tí wọ́n da ojú rẹ̀ dé, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, ó ń yí i po díẹ̀díẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn kú iṣẹ́, mo ní mò ń wá orúkọ fún obìnrin kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ wọn.

“Ọmọ ta ni?”

Mo ní, Ìyá, kò sí níbì kankan o, inú ìwé ló wà.

“Mo gbọ́. Ọmọ ta ni?”

Mo ṣàlàyé baba tó jẹ́ alfa, mo ṣàlàyé ìyá tó wá láti Ọ̀fà. Wọn ò gbójú sókè. “Ìyá ẹ̀ ti bímọ ṣáájú ẹ̀?”

N kò tíì bi ara mi léèrè ìyẹn rí. Ẹnu mi ló dá mi lóhùn: mo ní ó bí méjì, wọn ò dúró. Ìyá dáwọ́ amọ̀ gbígbá dúró.

“Ṣé o rí i? Kì í wá ṣe orúkọ tó wù ọ́ mọ́. Ìwọ kọ́ lo bí i. Lọ bi ìyá ẹ̀.”

Gbogbo wa ni a máa ń sọ ọ́ pé ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, a ó sọ ọ́ tán, a ó wá fi orúkọ tó bá ìgbẹ̀yìn ìtàn mu fún ẹni tí a ń kọ̀tàn rẹ̀. Èmi mọ ibi tí obìnrin yìí ń lọ. Àwọn òbí rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n ní ní ọjọ́ kẹjọ yẹn kò ju ẹ̀rù àti àdúrà lọ. Nítorí náà mo wọ ọkọ̀ padà sílé, mo sì jókòó ti ìyá tó bí obìnrin inú ìtàn mi.

Baba sọ ọ́ ní Mọ́ríámọ̀. Ìyẹn ò le: alfa ni, ọdún 1967 sì ni. Tó bá jẹ́ pé ọdún yìí ni wọ́n bí i, Maryam ni ìyá rẹ̀ á kọ sára ike oúnjẹ rẹ̀, bí Bùràímọ̀ ayé àná ṣe di Ibrahim, tí Làmídì di Abdulhameed. Orúkọ kan náà ni, ṣùgbọ́n bí a ṣe pè é ti sọ ọjọ́ orí. Mo dúró ní ẹ̀yìnkùlé mo pe “Mọ́ríámọ̀!” sókè, kí n gbọ́ bí yóò ṣe dún lẹ́nu ẹni tó ń pè é láti ẹnu ọ̀nà. Ìyá arúgbó kan dá mi lóhùn láti òdìkejì ògiri. Mo tọrọ gáfárà. Ó bọ́ sí i.

Ìyá rẹ̀ ò bá alfa jiyàn lójú àwùjọ, ṣùgbọ́n ní yàrá, Málọmọ́ ló ń pè é. Ọmọ méjì ti lọ. Kò sí ẹni tó lè ní kó má bẹ ẹ̀kẹta. Ìyá-ìyá rẹ̀ tó gbé ẹ̀kọ àti ọṣẹ dúdú wá láti Ọ̀fà ló sọ ọ́ ní oríkì: Àbẹ̀kẹ́. Oríkì yìí wúlò fún akọ̀tàn ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. “Ó” ni ọkùnrin, “ó” ni obìnrin, Táíwò lè jẹ́ èyíkéyìí, Ayọ̀délé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ti pe Àbẹ̀kẹ́, ẹ ti pe Àjàní, kò sí àlàyé mọ́. Àwọn olórin dàdàkúàdà wa mọ iyì rẹ̀: ẹ gé Àrẹ̀mú kúrò lára Odòlayé Àrẹ̀mú, tàbí Àlàó kúrò lára Jáígbadé Àlàó, kó tún dún dáadáa.

Ibi tí orúkọ wọ̀nyí ti wá ń ṣiṣẹ́ ni ẹnu ẹni tó ń pè wọ́n. Àwọn ìyàwó ilé baba rẹ̀ ò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀, ọkọ wọn ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń fà lórí ilẹ̀. Adúmáadán ni wọ́n ń pè é. Nílé ọkọ, Ìyàwó ni, títí ó fi di Ìyá Ràímì. Àwọn tó ń ra ìkòkò ní Ìyá Oníkòkò. Bóyá yóò di Àlájà, n kò tíì mọ̀, owó Mẹ́kà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Málọmọ́ ti bá ìyá rẹ̀ wọlẹ̀. Mọ́ríámọ̀ kù sára ìwé ilẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ sì wà lẹ́nu ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀ kan ṣoṣo, ẹni tí mo pa ní orí kẹrin.

Ní orí karùn-ún, Jímọ̀h wá sí Dàda nítorí ilẹ̀ amọ̀ náà. Tẹ́lẹ̀, mo ti kọ ọ́ pé ó pariwo, ó halẹ̀, ó na ìwé síta. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ lálẹ́ yìí. Ó wọlé, ó jókòó sórí àpótí láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àbẹ̀kẹ́, ṣé dáadáa lo wà?” Kò tíì sọ̀rọ̀ ilẹ̀ rárá, àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ sì ti dìde.

Ó ku orúkọ ọmọ Àbẹ̀kẹ́ ọkùnrin. Ràímì ni mo fi sílẹ̀. Ìyàwó mi kà á, ó ní ọmọ tí wọ́n bí ní 1990, Abdulraheem ni ó máa wà nínú ìwé rẹ̀ ní iléèwé, Ràímì nílé, Raheem lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Tánkẹ̀. Mo ní mẹ́ta ti pọ̀ jù fún ọmọ tó kàn yà wọlé wá jẹun ní orí kejì. Ó ní bí kò bá ní iṣẹ́ méjì ju kó wá jẹun lọ, kí n yọ ọ́ kúrò, kí oúnjẹ má ṣòfò. A ṣì ń fà á.