Ẹja tí mo dá padà sódò

Èpé ni wọ́n bí mi sí, etí ọ̀sà ni mo sì gbé dàgbà. Kí n tó mọ ìwé kà dáadáa ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ekòló sẹ́nu ìwọ̀. Ọ̀pá ọparun kan, okùn ọ̀rá, ìwọ̀ kan péré, ó ti tó. Bí ẹpìyà mẹ́ta tàbí àrọ̀ kan bá ti wọnú igbá, ilé yá nìyẹn, ìyá mi á ti gbé ata kaná. Ìdí nìyẹn tí ó fi yà mí lẹ́nu nígbà tí mo dé London, tí mo rí àwọn èèyàn tó ń jókòó sétí adágún láti àárọ̀ dalẹ́, tí wọ́n ń mú ẹja, tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀, tí wọ́n tún ń dá a padà sínú omi. Mo ní lọ́kàn ara mi pé kí ni wọ́n wá ń wá.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá báyìí, èmi náà ti wà lára wọn. Àwọn ọmọ Yorùbá tí a jọ wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń bi mí bí àwọn náà ṣe lè bẹ̀rẹ̀, pàápàá àwọn tó ní ọmọ tí kì í gbójú kúrò lára fóònù. Mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kó má baà jẹ́ pé ọ̀nà tí mo gbà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yin náà máa gbà.

Ọ̀nà tèmi rèé. Mo ra ọ̀pá olówó pọ́ọ́kú, mo lọ sí adágún kan ní gúúsù London lọ́jọ́ Sátidé, mo fi búrẹ́dì sẹ́nu ìwọ̀. Kò tó wákàtí kan tí ẹja kan tí wọ́n ń pè ní carp, tó gùn tó apá mi, fi gbé e. Ayọ̀ mi kún. Mo ti ń fojú inú rí ata rodo àti ewé efinrin. Mo ń wá ọ̀rá tí màá kì í bọ̀ ni ọkùnrin méjì sáré dé, tí wọ́n ń pariwo mọ́ mi. Ọ̀kan nínú wọn sọ ọ̀rọ̀ kan nípa “ẹ̀yin èèyàn yìí” tí mi ò ní kọ síbí. Ó dùn mí, kò sì tíì tán nínú mi pátápátá títí dòní.

Ṣùgbọ́n bàbá olóyìnbó kan tó jókòó lọ́ọ̀ọ́kán dìde wá. Kò bá mi jà. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ omi kí wọ́n tutù, ó gba ẹja náà lọ́wọ́ mi bí ẹni gba ọmọ tuntun, ó kúnlẹ̀ sétí omi, ó sì dì í mú níbẹ̀, ó fi orí rẹ̀ síwájú. Ẹja náà ń la ẹnu, ó ń pa á dé. Nígbà tó yá, ó ju ìrù lẹ́ẹ̀kan, ó lọ. Lẹ́yìn náà ni bàbá náà wá bi mí pé, “Ṣé o ní láísẹ́ǹsì?” Mi ò ní. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ wà.

Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ní England, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 13 kò gbọdọ̀ fi ọ̀pá pẹja nínú omi tí kì í ṣe òkun láìgba láísẹ́ǹsì. Environment Agency, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, ló ń bójú tó o, orí íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba, ìyẹn GOV.UK, lẹ ti máa rà á, kò sì ní gbà yín tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọmọ ọdún 13 sí 16 ń gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ dandan ni kó gbà á. Tí wọ́n bá bá yín létí omi láìní i, owó ìtanràn rẹ̀ lè tó £2,500. Ẹ rántí pé láísẹ́ǹsì nìkan kò ní kí ẹ wọ omi olómi o. Adágún kọ̀ọ̀kan ló ní ẹgbẹ́ tàbí ìjọba ìbílẹ̀ tàbí olóko tó ni ín, àwọn náà ń fẹ́ kí ẹ gba àyè lọ́wọ́ àwọn. Ọ̀pọ̀ wọn ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan. Àwa tó wà ní agbègbè Peckham ní adágún Burgess Park nítòsí, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀.

Odò tó ń ṣàn tún ní èèwọ̀ tirẹ̀. Láti ọjọ́ 15 oṣù kẹta títí di aago méjìlá òru ọjọ́ 15 oṣù kẹfà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìwọ̀ dẹ ẹja bíi roach, chub, bream, pike àti irú wọn nínú odò, torí ìgbà tí wọ́n ń yé nìyẹn. Láti 1878 lòfin náà ti wà. Ọ̀pọ̀ adágún àti odò àgbẹ́ tí ọkọ̀ ń gbà kò sí lábẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́ táwọn kan lára wa ń ráhùn nípa òfin yìí, ṣùgbọ́n kò yẹ kó ṣàjèjì sí wa. Ta ló jẹ́ pẹja nínú odò Ọ̀ṣun níbi tó ti ṣàn gba inú igbó rẹ̀ kọjá l’Óṣogbo? Ẹ̀yin náà mọ ohun tí èèwọ̀ odò ń jẹ́.

Tí ẹ bá sì fẹ́ rí ìfẹ́ tí àwọn èèyàn ní sí nǹkan yìí, ẹ lọ sétí odò Lea ní ìlà-oòrùn London lóru ọjọ́ 15 oṣù kẹfà. Ẹ máa bá wọn níbẹ̀ nínú òkùnkùn, wọ́n ti gbé àga kalẹ̀, wọ́n ti fi ìdẹ sẹ́nu ìwọ̀, kò sì sí ìwọ̀ kankan nínú omi. Wọ́n ń mu tíì, wọ́n ń wo aago. Tí aago méjìlá bá lù báyìí, ẹ ó kàn máa gbọ́ “pọ̀, pọ̀, pọ̀” lórí omi láti òkè délẹ̀ odò. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, omijé bọ́ lójú mi. Ó rán mi létí bí ìlú ṣe máa ń dákẹ́ kí ìlù ọdún tó dún.

Ẹ má ra irinṣẹ́ púpọ̀. Ọ̀pá kan, ríìlì kan, okùn, ìwọ̀ kéékèèké, àwọ̀n ìgbẹ́ja ọlọ́wọ́ gígùn, àti ọ̀pá tín-ín-rín olórí pupa tó ń léfòó lójú omi. Nílé wa, Olórí Pupa là ń pè é. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀ ló ṣe mí lọ́ṣẹ́ níbẹ̀rẹ̀: bí nọ́ńbà rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i ni ìwọ̀ ń kéré sí i. Nọ́ńbà 6 ni mo rà tí mo rò pé èyí tó kéré jù nìyẹn, odidi oṣù kan ni àwọn roach fi bọ́ búrẹ́dì lẹ́nu ìwọ̀ mi jẹ láìfara kan irin. Nọ́ńbà 16 tàbí 18 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kó sì jẹ́ èyí tí kò ní ẹ̀gún lẹ́nu, kó lè rọrùn yọ. Òjé tí a fi ń mú kí ìwọ̀ rì nílé, ẹ fi sílẹ̀. Láti 1987 ni wọ́n ti fòfin de òjé kéékèèké bẹ́ẹ̀, torí àwọn swan, ẹyẹ omi funfun ọlọ́rùn gígùn nì, ń gbé e mì, ó sì ń pa wọ́n. Irin mìíràn ni ṣọ́ọ̀bù ń tà báyìí.

Ó wá ku ìdẹ. Àgbàdo inú agolo dáa, búrẹ́dì dáa, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tó ìdin. Ìdin gidi ni mò ń wí, ìdin eṣinṣin. Ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́ apẹja ń wọ̀n ọ́n fún èèyàn ní páìǹtì páìǹtì, bí ìyá onígàrí ṣe ń wọn gàrí ní kóńgò. Funfun wà, èyí tí wọ́n pa láró pupa náà wà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ara mi bù máṣọ nígbà tí ẹni tó ń tà á ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Lónìí, mo lè fi méjì sẹ́nu ìwọ̀ láìwo ọwọ́ mi. Ibi tútù ni kí ẹ máa gbé e sí o. Tí ooru bá mú un, láàárín ọjọ́ díẹ̀ yóò ká kò sínú èèpo pupa rúsúrúsú, lẹ́yìn ìyẹn eṣinṣin ni. Fíríìjì kékeré ọ̀tọ̀ ni mo rà fún un, torí mo bọ̀wọ̀ fún ìyá àwọn ọmọ mi.

Bàbá tí mo sọ yẹn kọ́ mi fún ọdún méjì kí ó tó kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Yorkshire. Ohun tó kọ́ mi jù lọ kì í ṣe ìjùwọ̀. Tí a bá ti dé etí omi, á ní, “Má tíì tú ọ̀pá rẹ.” A ó jókòó, a ó máa wo omi suu. Èmi tí mo ti Èpé wá, tí mo rò pé mo mọ omi! Bí omi bá ń hó wínníwínní bí ọṣẹ lójú kan, ẹja tí wọ́n ń pè ní tench ló ń fẹnu tú ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ níbẹ̀. Bí koríko etí omi bá mì tí kò sì sí atẹ́gùn, carp ló fara kàn án. Nígbà tí òtútù bá ń lọ sílé, tí atẹ́gùn lílọ́wọ́ọ́rọ́ ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn bá ti ń fẹ́ látàárọ̀, etí tó ń fẹ́ lọ bá ni ẹja máa ń kó sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni ojú á ti máa ta yín jù. Mo ti rí ẹni tó jókòó fún wákàtí mẹ́jọ sẹ́yìn igi níbi tí atẹ́gùn ò dé, ẹja kan kò tọ́ ìwọ̀ rẹ̀ wò.

Mo rántí àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án. Ìkùukùu bo adágún, n kò rí òdìkejì. Olórí Pupa dúró ṣinṣin bí ẹni pé wọ́n gbìn ín. Ló bá gbọ̀n, díẹ̀ báyìí, bí ẹni pé ẹnì kan mí lù ú. Ọwọ́ mi lọ sídìí ọ̀pá, bàbá ní “Rárá.” Ó tún gbọ̀n. “Rárá.” Ó wá dìde díẹ̀ nínú omi, ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì rọra wọlẹ̀ lọ láìpariwo, bí ìgbà tí èèyàn bá fi ìka tẹ̀ ẹ́. “Ó yá.” Mo gbé ọ̀pá, ọ̀pá náà sì tẹ̀ kọrọdọ. Tench ni, aláwọ̀ ewé tó dúdú mọ́ra, ojú rẹ̀ kékeré pọ́n bí ẹyin iná. Mo wò ó, mo rọ̀ ọ́ sómi, ọwọ́ mi ń gbọ̀n fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń dì í mú, èyí ṣe pàtàkì sí mi ju gbogbo ohun tí mo ti sọ lọ. Nǹkan yíyọ̀ tó bo ara ẹja ni aṣọ rẹ̀, òun ni kò jẹ́ kí àìsàn wọ̀ ọ́ lára. Ọwọ́ gbígbẹ ń bọ́ aṣọ yẹn. Nítorí náà, ẹ rẹ ọwọ́ yín sómi, ẹ rẹ ẹní tí ẹ máa tẹ́ ẹja lé náà sómi, ẹ kúnlẹ̀, kó má baà já bọ́ láti òkè. Bí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò, kí ẹni tó máa yà á ti múra sílẹ̀ kí ẹja tó kúrò nínú omi. Nígbà ooru, ẹ fura. Omi tó gbóná kì í ní atẹ́gùn púpọ̀ tí ẹja lè mí sínú, ẹja tó bá jà pẹ́ lè kú lẹ́yìn tí ẹ bá dá a padà. Nínú oṣù keje 2022, nígbà tí ooru kọjá 40°C níbí, mo kó ọ̀pá mi sílé títí òjò fi rọ̀.

Ẹja kan wà ní Bluebell Lakes, nítòsí Peterborough, Benson ni wọ́n ń pè é. Carp ni, abo, ó tóbi dé bi pé ó wọ̀n tó pọ́ùn 64. Ihò kan wà nínú lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ bí ibi tí sìgá jó, ìyẹn ni wọ́n ṣe fi orúkọ sìgá Benson & Hedges pè é. Ó lé ní ìgbà 60 tí wọ́n mú un tí wọ́n sì dá a padà. Nígbà tó kú ní 2009, ìwé ìròyìn gbé e kiri, àwọn àgbà ọkùnrin ń dárò. Lóde wa, ẹja kan ṣoṣo, ìjẹ kan ṣoṣo ni. Níbí, ó lé ní ìgbà ọgọ́ta tí ẹja kan fún èèyàn láyọ̀. Ìròyìn Benson ló là mí lóye ohun tí bàbá yẹn ń ṣe nígbà tó kúnlẹ̀ sétí omi lọ́jọ́sí.

Ẹ ó ní, ṣé a ò wá ní jẹ ẹja mọ́ ni? Òfin odò fàyè gba díẹ̀, pike kan tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 65 lọ lóòjọ́, àti ẹja kéékèèké 15 tí ìkọ̀ọ̀kan wọn kò ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, tí olómi bá gbà. Ọ̀pọ̀ olómi kì í gbà. Tí ẹnu bá ń yún yín, ẹ lọ sókun. Òkun kò gba láísẹ́ǹsì. Ẹ ṣáà mọ òfin ìwọ̀n, bass tí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 42, ẹ dá a padà.

Nígbà tí màmá mi wá kí wa lẹ́nu àkókò ooru, mo gbé wọn lọ sétíkun Hastings. Ìwọ̀ márùn-ún ni mo so mọ́ okùn kan, pẹ̀lú ìyẹ́ funfun. Mo jù ú, mo ń fà á bọ̀, mẹ́ta gbé e lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá sún mọ́ ọn. Ẹ̀yìn wọn ń dán, aláwọ̀ aró tó bá ewé mu, ilà dúdú wé wọn lára bí àdìrẹ, ikùn wọn sì funfun bíi fàdákà.

“Títù kọ́ lèyí?”

“Títù ni, Màmá.”

Wọ́n fi ìka kan kàn án. “Ó rẹwà tó báyìí kí wọ́n tó sọ ọ́ di yìnyín?” Àádọ́ta ọdún ni màmá mi ti ń se Títù, ọjọ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ rí i láàyè. A dín in nírọ̀lẹ́, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn fọ̀ ọ́.

Kí n má gbàgbé: ọ̀pá ìgbàlódé, carbon ni wọ́n fi ṣe é, ó ń gbé iná mànàmáná. Ẹ má ṣe gbé e sókè lábẹ́ wáyà iná láé, ẹ má tilẹ̀ gbé e rìn lóòró kọjá níbẹ̀. Kí ẹ sì fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun.

Ọmọ mi máa pé 13 nínú oṣù karùn-ún. Ó ti béèrè lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta bóyá orúkọ tirẹ̀ ló máa wà lára láísẹ́ǹsì náà. Orúkọ rẹ̀ ni. A ti yan ibi tí a máa jókòó sí létí Lea lóru ọjọ́ 15 oṣù kẹfà, níbi tí odò ti rọra yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi kan tí ẹ̀ka rẹ̀ wọ omi. Ọjọ́ Sunday tó kọjá, a lọ síbẹ̀ láìmú ọ̀pá dání. A jókòó, a ń wo omi.