Láti Róòmù dé Milazzo: Mo Tọ Ipasẹ̀ Luigi Rizzo

Ìlú Róòmù, nínú ilé ìrántí funfun ràgàjì tí wọ́n ń pè ní Vittoriano, ni mo ti kọ́kọ́ fojú kan MAS 15, ọkọ̀ ogun kékeré kan ti Ítálì. Pákó ni wọ́n fi kàn án, gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí mítà 16 lọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì sì ni wọ́n máa ń so tọ̀pídò, ohun ìjà tí ń gba inú omi lọ lu ọkọ̀, mọ́, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ó pẹ́ kí n tó lè kúrò níbẹ̀, nítorí n kò mọ̀ pé ohun tó ri Szent István, ọkọ̀ ogun ńlá ti Austria-Hungary, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní kéré tó báyìí.

Milazzo ní Sísílì ni wọ́n ti bí Luigi Rizzo, ọ̀gá tó darí MAS 15, ní ọdún 1887. Iṣẹ́ ọkọ̀ ajé ló kọ́kọ́ ṣe. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1917, ó yọ́ wọ àgbègbè Trieste lóru, ó sì ri ọkọ̀ ogun Wien, ti Austria-Hungary bákan náà. Ní ìdájí ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 1918, nítòsí erékùṣù Premuda, ó tajú kán rí èéfín lókèèrè. Kò sá, ó darí ọkọ̀ kọjú sí èéfín náà, ó gba àárín àwọn ọkọ̀ tí ń ṣọ́ Szent István wọlé, ó sì ta tọ̀pídò méjèèjì lù ú. Bí ọkọ̀ kan ti ń lé e bọ̀, ó ju àdó olóró méjì sómi lẹ́yìn ara rẹ̀. Èkejì bú gbàmù, ẹni tí ń lé e sì yà kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ènìyàn 89 ló bá ọkọ̀ ńlá yẹn lọ, àwọn náà sì ní ìyá tí ń retí wọn nílé.

Ọkọ̀ ojú irin ni mo wọ̀ lọ sí Sísílì. Ní Villa San Giovanni, wọ́n já a sí ìpín ìpín, wọ́n sì tì í wọ inú ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú àwa èrò inú rẹ̀, a sì sọdá sí Messina bẹ́ẹ̀. Mo gun àtẹ̀gùn lọ sókè láti wo omi, Ogun Àgbáyé Kejì ló sì wà lọ́kàn mi, nítorí ibẹ̀ ni mo ti bọ̀wọ̀ fún Rizzo jù. Ní ọdún 1940, ó fínnúfíndọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ ológun. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 1943, tí àwọn ará Jámánì gba àríwá Ítálì, òun ni olórí iléeṣẹ́ tí ń kan ọkọ̀ ní etí òkun Adriatic. Ẹni tó ti ń ri ọkọ̀ ọ̀tá wá pàṣẹ kí wọ́n ba ọkọ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀ jẹ́, kí ó má baà bọ́ sọ́wọ́ wọn. Wọ́n mú un, wọ́n sì gbé e lọ sẹ́wọ̀n ní Klagenfurt, ní Austria. Ó padà wálé lẹ́yìn ogun, ó sì kú ní Róòmù ní ọdún 1951.

Ní Milazzo, orúkọ rẹ̀ ni òpópónà etí èbúté ń jẹ́. Àwọn èrò tò síbẹ̀ láti ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ sí erékùṣù Lipari, wọ́n gbé báàgì lé ẹsẹ̀. Mo fìdí lélẹ̀, mo ń wo ọkọ̀ kan tí ń lọ, títí ó fi ku èéfín rẹ̀ nìkan lójú òkun.