Ohun tí trailer fi pamọ́: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lẹ́nu ìtúpalẹ̀ fíìmù thriller

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa fíìmù, kò ní í pẹ́ tí olùkọ́ yóò fi ní kí ẹ túpalẹ̀ trailer kan, ìyẹn fídíò kékeré tí wọ́n fi ń polówó fíìmù kí ó tó jáde. Lọ́pọ̀ ìgbà, trailer fíìmù thriller ni wọ́n máa ń yàn, nítorí pé irú eré bẹ́ẹ̀ ń gbé ọkàn ẹni sókè, ọgbọ́n tí wọ́n fi ń gbé e sókè sì ṣeé tọ́ka sí. Láti ìgbà tí mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí, tí mo sì ń fi gígé àti títo àwòrán jẹun, mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa to gbogbo ohun tí trailer fi hàn lẹ́sẹẹsẹ, wọn kì í sì í bi ara wọn léèrè ohun tí ó fi pamọ́. Bẹ́ẹ̀, orí ohun tí wọ́n fi pamọ́ ni iṣẹ́ náà dúró lé.

Ẹ jẹ́ kí a mú trailer Psycho, fíìmù tí Alfred Hitchcock gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1960. Ó gùn ju ìṣẹ́jú 6 lọ, síbẹ̀ Hitchcock fúnra rẹ̀ ni ẹ óò máa rí níbẹ̀, tí ó ń rìn kiri nínú ilé ìtura kékeré kan àti ilé àtijọ́ tó wà nítòsí rẹ̀, bí onílé tó ń mú àlejò wo ilé. Orin tó ń lọ lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ orin ẹ̀fẹ̀. Ó dé ibi àtẹ̀gùn, ó ní wọ́n pa ènìyàn níbẹ̀. Ó dúró níwájú àwòrán kan lára ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìdí tí àwòrán náà fi ṣe pàtàkì, kò sì parí gbólóhùn náà tí ó fi ní kí a máa lọ sí yàrá kìíní. Nígbà tí ó dé balùwẹ̀, ó ní wọ́n ti tún ibẹ̀ ṣe. Ó ṣí ìdérí ìjókòó ìgbọ̀nsẹ̀, ó ní wọ́n rí ohun pàtàkì kan níbẹ̀, kò sì sọ ohun tí ó jẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó nawọ́, ó fa aṣọ ìkélé ibi ìwẹ̀, ojú obìnrin kan tó ń figbe ta sì gba gbogbo àwòrán kan, tí fáyólínì inú orin tí Bernard Herrmann kọ fún fíìmù náà sì ń han gooro.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kánjú yóò kọ ọ́ pé: “Wọ́n lo orin láti dẹ́rù ba òǹwòran.” Kò parọ́, ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn bá gbogbo thriller ayé mu, nítorí náà kò tíì sọ nǹkan kan nípa èyí. Ẹni tó fara balẹ̀ yóò kọ ọ́ pé orin ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi mú ara òǹwòran balẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, pé gbogbo gbólóhùn tí Hitchcock gé sí méjì dá ìbéèrè sílẹ̀ láìdáhùn ẹyọ kan, àti pé ìdí nìyẹn tí igbe ọ̀hún, tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, fi ba ni lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣáájú igbe náà ṣe pàtàkì ju igbe náà lọ. Nígbàkigbà tí ẹ bá dárúkọ ọgbọ́n kan, ẹ sọ ibi tí ó wà, ohun tó ṣáájú rẹ̀, àti ìbéèrè tí ó gbìn sọ́kàn òǹwòran.

Trailer òde òní kò ní àyè tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìlànà Motion Picture Association, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù ńlá ní Amẹ́ríkà, kò fẹ́ kí èyí tí wọ́n ń fi hàn ní sinimá ju ìṣẹ́jú 2 àti ààbọ̀ lọ. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ wọn ń gba ọ̀nà kan náà: ìgbé ayé tó tòrò, ohun kan tó da ayé náà rú, àwòrán tó túbọ̀ ń kúrú bí orin ti ń gòkè, ìdákẹ́jẹ́ òjijì, orúkọ fíìmù, lẹ́yìn rẹ̀ ìran kékeré kan tó ń ta ni jí nígbà tí a rò pé ó ti parí. Olùpolówó tó máa ń fi ohùn ńlá ṣàlàyé, irú èyí tí Don LaFontaine fi di ìlúmọ̀ọ́ká ní Amẹ́ríkà, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré àti àkọlé ojú àwòrán ló gba ipò rẹ̀. (Àwa tí a dàgbà nígbà kásẹ́ẹ̀tì fídíò ṣì rántí ohùn tó máa ń pariwo níbẹ̀rẹ̀ fíìmù Yorùbá. Èmi kì í fò ó.) Ní ti ìró fèrè ńlá tí gbogbo ènìyàn ń fara wé láti ìgbà fíìmù Inception, lọ́dún 2010, ó ti sú mi.

Ọ̀nà tí mo ń gbà ṣe é ni pé mo máa ń kọ́kọ́ pa ohùn, kí n wo àwòrán nìkan. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń kẹ̀yìn sí i, kí n gbọ́ ohùn nìkan, kí n tó fi bébà kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún trailer Alien ti ọdún 1979, ẹ óò rí i pé òṣèré kankan kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀, àti pé ohùn kan bíi ti fèrè ìdágìrì ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Nínú trailer àkọ́kọ́ The Shining, tó jáde lọ́dún 1980, àwòrán kan ṣoṣo ni ẹ óò rí: ilẹ̀kùn ẹ̀rọ agbéniròkè, àti ẹ̀jẹ̀ tó ń ya jáde láti ibẹ̀. Àwọn méjèèjì kò gba ọ̀nà tí mo tò sókè yẹn, ó sì yẹ kí ẹ ṣàlàyé ohun tí wọ́n jèrè nínú kíkọ̀ ọ́.

Níkẹyìn, ẹ má ṣe rò pé ohun tí ẹ rí nínú trailer ni ẹ óò bá nínú fíìmù. Nígbà tí wọ́n ń ṣe trailer, orin fíìmù lè má tíì parí, èyí ló fi jẹ́ pé orin mìíràn ni wọ́n sábà ń lò, ìran tí ẹ rí sì lè má dé inú fíìmù rárá. Ẹni tó bá dá trailer Psycho dúró lórí ojú obìnrin inú balùwẹ̀ yẹn yóò rí i pé Vera Miles ni, tí ó dé irun àtọwọ́dá, ẹni tó ṣe àbúrò olóògbé nínú fíìmù náà. Janet Leigh ló ṣe obìnrin tí wọ́n pa níbi ìwẹ̀ nínú fíìmù náà. Irú ìyàtọ̀ báyìí tọ́ sí ìpínrọ̀ kan nínú iṣẹ́ yín, pẹ̀lú ìṣẹ́jú tí ó ti ṣẹlẹ̀.