Ẹ̀yin àbúrò mi ní ENT (ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun), ẹ kọ́kọ́ wo ojú ẹni tó fara pa

Mo mọ̀ pé endoscope (kámẹ́rà tín-ínrín tá a fi ń wo inú ara) ló ń wu ọ̀pọ̀ nínú yín tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ENT, ó wu èmi náà gan-an, torí iṣẹ́ abẹ facial nerve, ìyẹn okùn tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí iṣan ojú kó lè mira, tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀ wọ́n á la ẹ̀yìn etí tàbí kí wọ́n tiẹ̀ ṣí agbárí, a ti lè gba inú ihò etí ṣe é fún àwọn kan báyìí, kò sí àpá níta. Marchioni àti Presutti ní Modena ní Ítálì wà lára àwọn tó la ọ̀nà yẹn. Ṣùgbọ́n casualty (yàrá pàjáwìrì) la ti ń mọ ẹni tó nílò ẹ̀, kì í ṣe theatre (yàrá iṣẹ́ abẹ).

Tí wọ́n bá gbé ẹni tó já bọ́ lórí ọ̀kadà dé, tẹ́jẹ̀ ń jáde létí, gbogbo wa á sáré sí ọpọlọ àti ọrùn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kí wọ́n tó fún un lóògùn oorun, ẹ ní kó dijú pinpin, kó fẹyín, kẹ́ ẹ wá kọ ohun tẹ́ ẹ rí sílẹ̀ pẹ̀lú aago. Tó bá ti dákú ńkọ́? Ẹ fọwọ́ tẹ ibi tó máa dùn ún, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹ̀gbẹ́ ojú méjèèjì ló fún pọ̀. Ẹ bi àwọn tó gbé e wá pé, "Ẹ̀gbọ́n, nígbà tẹ́ ẹ gbé e nílẹ̀, ṣé ẹnu ẹ̀ ti wọ́?" Torí tí ojú bá ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà tó dé, tójú náà wá rọ lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, wíwú nerve ló sábà máa ń jẹ́, steroid (oògùn tó ń dín wíwú kù) àti sùúrù sì ń gba ọ̀pọ̀ wọn là. Ojú tó rọ lójú ẹsẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù, eegun lè ti gé facial nerve tàbí kó gún un.

Ẹ má sáré ṣe ENoG (àyẹ̀wò tó ń fi iná díẹ̀ ta nerve láti mọ bó ṣe bàjẹ́ tó) kó tó pé ọjọ́ 3, nerve tó ti gé pàápàá á ṣì máa dáhùn ní ìsàlẹ̀ ibi tó ti gé. Tí ohun tó bàjẹ́ nínú nerve náà bá ti ju 90% lọ láàárín ọjọ́ 14, tí EMG (àyẹ̀wò bóyá iṣan ojú ń dáhùn tí aláìsàn bá fẹ́ mú un mira) ò sì rí nǹkan kan tó mira, ẹ jẹ́ ká jókòó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ. Lórí CT (àwòrán inú orí), geniculate ganglion, ibi tí facial nerve ti ṣẹ́po nínú eegun etí, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá lọ, ibẹ̀ ni eegun ti sábà máa ń pa á lára, ọ̀nà tó sì gbà débẹ̀ ò fẹ̀ tó 1 mm, kò sáyè kó wú sí.

Ní theatre, ọwọ́ kan ló máa di endoscope mú, ìyókù iṣẹ́ dọwọ́ kejì, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo á sì bo gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń wò. Ẹ fi òwú tó rin fún adrenaline (oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró) tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ dúró. Ẹ dín iná endoscope kù, kẹ́ ẹ máa fà á jáde lóòrèkóòrè, orí ẹ̀ máa ń gbóná. A sábà máa ń yọ incus (eegun kékeré kan nínú etí) ká tó lè dé geniculate ganglion, a ó sì tún ọ̀nà ìgbọ́rọ̀ ṣe kó tó kúrò lórí tábìlì. Tó bá jẹ́ apá mastoid (eegun ẹ̀yìn etí) ló ti fọ́, ẹ la ẹ̀yìn etí, endoscope ò lè débẹ̀ dáadáa.

Èyí tó máa ń bí mi nínú ni kí ẹyinjú aláìsàn tí ìpéǹpéjú ẹ̀ ò lè dé mọ́ gbẹ níbi tó ti ń dúró de CT. Ẹ kán oògùn sí i lọ́sàn-án, ẹ fi ointment sí i lálẹ́, kẹ́ ẹ fi plaster dì í pa.

Kí ìyá ẹ̀ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, ẹ sọ òótọ́ fún un: ó lè pé ọ̀pọ̀ oṣù kójú tó bẹ̀rẹ̀ sí í mira, èyí tá a bá sì fi nerve míì so kì í sábà dáa ju House-Brackmann III lọ (òṣùwọ̀n ojú ni, I ló dáa pátápátá, VI ni ò mira rárá).